Káríà Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìwé-Wí. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ o. Lójú rẹ̀, "Ọ̀gá Inspẹ́kítọ̀" ni, pẹ̀lú ìtẹríba. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá tán, tó yà ní kọ̀rọ̀, ẹnìkan á ní, "Ìwé-Wí ló ń lọ yẹn," àwọn tó kù á sì wo ilẹ̀ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu wọn.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ bíbẹ ilé ẹ̀kọ́ wò. Ó ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn, ó ń wò bóyá ṣọ́ọ̀kì pé, bóyá tíṣà kọ déètì sí apá ọ̀tún pátákó, bóyá iye àga tó wà ní kíláàsì bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Òun fúnra rẹ̀ kò kọ́ ọmọ kankan rí. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ló máa ń dá lẹ́bi. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan mọ́ tí yóò lọ bẹ̀ wò, ló bá kó ìbẹ̀wò náà wálé.

Ìyàwó rẹ̀ ra áyọ́ọ̀nù tuntun. Ìwé-Wí ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí òun yóò fi ka ìwé tó bá a wá tán. Èdè mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé náà. Ó ka èyí tó gbọ́, ó sì wo àwòrán inú àwọn mẹ́jọ tó kù, bóyá wọ́n fi nǹkan pa mọ́ fún un. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi wọ aṣọ rírún jáde nílé yẹn. Bó bá sì fẹ́ lo oògùn ikọ́, á ka ara ìgò náà títí dé àdírẹ́sì àwọn tó ṣe é. Kó tó ṣí ìdérí, ikọ́ á ti lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá délẹ̀, gbólóhùn kan náà ló máa fi bẹ̀rẹ̀: "Ìwé wí pé…"

Oníkọ́tìnì ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Oníkọ́tìnì ni wọ́n sì ń pè é. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: máṣíìnì ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn kan tó ń gé aṣọ lé lórí, ìdì aṣọ tó fara ti ògiri, àti àwọn ọ̀pá kọ́tìnì tó gùn bí ẹjọ́ tí kò ní adájọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Abẹ́rẹ́ sábà máa ń wà láàárín ètè rẹ̀, ẹni tó bá sì ti fi ogún ọdún gbé abẹ́rẹ́ sẹ́nu á ti mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹnu là.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan wà nínú ọgbà wọn. Ó dàgbà ju ìgbéyàwó wọn lọ. Ara rẹ̀ funfun bíi wàrà, òrùlé rẹ̀ pọ́n bíi kọfí, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àṣírí rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀ ní kíákíá: ọkọ̀ náà kì í ṣe ti Ìwé-Wí. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló ni ín. Iṣẹ́ kíkọ pátákó ni bàbá náà ṣe títí ó fi kú. Òun ló ń kọ orúkọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ilé oògùn àti ilé ẹ̀kọ́. Inú ọkọ̀ yìí ló ń kó ọ̀dà sí, orí rẹ̀ ló sì ń di àkàbà mọ́. Nígbà tó kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló jogún ọkọ̀, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ wà á wọ ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ bí Ìwé-Wí ṣe máa ń sọ pé "ọkọ̀ mi", o ò ní mọ̀ pé òun kọ́ ló lóyún rẹ̀, tó sì bí i.

Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà ní bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ní ìwé wí pé ọwọ́ awakọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí ọkọ̀ mọ̀. Bó ṣe di pé ìyàwó rẹ̀ ń wọ taksí lọ bá àwọn oníbàárà nìyẹn. Á gbé ọ̀pá kọ́tìnì lé ìtan, ìdajì rẹ̀ á yọ síta lójú fèrèsé, awakọ̀ á sì máa kùn títí wọn yóò fi débẹ̀. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ó wà nílé, Ìwé-Wí ń fi omi ìkòkò mẹ́ta wẹ̀ ẹ́.

Ní ti káríà orí ọkọ̀ náà, irin tí bàbá náà ń di àkàbà mọ́, Ìwé-Wí ti tú u kúrò lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n fẹ́ kun òrùlé. Wọ́n kun òrùlé tán, kò dá a padà. Káríà náà gbé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù fúngbà díẹ̀, ó gbé abẹ́ ibùsùn àlejò, kó tó wá fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Ìyá Oníkọ́tìnì ti ń sá aṣọ lé e. Kò sí ẹni tó bèèrè rẹ̀, àfi ìgbà tí Alága dé.

Alága yìí ni olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́ ìlú náà. Oníṣègùn eyín tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin ràbàtà kan tó máa ń wo ẹnu èèyàn kó tó wo ojú rẹ̀. Ìwé-Wí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ náà ni. Wọ́n fẹ́ ṣe ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ ọkọ̀ àtijọ́ láàárín ìlú, wọn yóò sì fún àwọn ọkọ̀ tó bá pé jù lẹ́bùn. Alága wá yẹ ọkọ̀ wò. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ etí òrùlé, níbi tí ojú káríà ti fi àmì sílẹ̀ sí.

"Inspẹ́kítọ̀," ló wí, "káríà rẹ̀ dà?"

"Ó… ó wà nílé."

"Ẹ lọ dá a padà. Ọkọ̀ yìí rẹwà, ṣùgbọ́n bó ṣe wà yìí, ẹnu tí kò léyín iwájú ni."

Alága rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìwé-Wí lákínyẹmí ara. Òun tó ti ń sọ fún àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé nǹkan wọn kò pé, òun ni ẹnìkan wá fi ìka tọ́ òrùlé rẹ̀ wò! Kí Alága tó dé kọ̀rọ̀, ó ti wọ ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń kó aṣọ tútù kúrò lórí káríà, ó ń jù wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń gbé e bọ̀, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ṣeun o, Bàbá wọn. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Àwọn ọ̀pá mi á kúrò lórí ìtan mi nìyẹn."

Ìwé-Wí dúró. "Ọ̀pá wo?"

"Ọ̀pá kọ́tìnì. Ṣebí káríà lẹ fẹ́ dè?"

"Màmá wọn, jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ. Káríà yìí kì í ṣe ti ẹrù. Ti ẹwà ni. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í ru ẹrù."

Obìnrin náà wò ó, ó wo káríà, ó sì lọ ṣa aṣọ rẹ̀ nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìwé-Wí tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú ọgbà, ó tẹ́ káríà sórí rẹ̀ bí aláìsàn. Irin dúdú ni, ó wúwo, ó gùn tó ibùsùn ọmọdé. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Èékánná kan wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń di gọ́tà etí òrùlé mú, bóòtù sì wà tí wọ́n fi ń fún un pinpin. Ìwé-Wí jókòó lórí àpótí, ó fi awò sójú, ó yọ ìwé ọkọ̀ náà kúrò nínú ọ̀rá tó ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó ṣí i sí ojú ewé kẹtàlélógójì. Àwòrán káríà wà níbẹ̀. Ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ka ẹsẹ̀ èyí tó wà lórí ẹní. Ó tún wọn kà.

"Màmá wọn!"

"Mo ń bọ̀ o."

"Wá wo nǹkan. Ìwé wí pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni káríà ọkọ̀ yìí ní. Mẹ́fà ló wà nílẹ̀ yìí. Ta ló fi méjì kún un?"

Ìyàwó rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́ fún bàbá mi. Àkàbà wọn wúwo, ẹsẹ̀ mẹ́rin kò lè gbé e. Àwọn ẹsẹ̀ méjì tó gùn jù yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń wà, torí òrùlé náà dàgẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn méjì àárín ló ń dì í mú kó má yọ̀."

"Alágbẹ̀dẹ!" ni Ìwé-Wí wí, bí ẹni tó rí kòkòrò nínú ife omi. "Ṣé alágbẹ̀dẹ wá gbọ́n ju àwọn tó ṣe ọkọ̀ lọ ni?"

"N kò mọ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò já bọ́ rí."

"Ta ló ka ìwé nínú àwa méjèèjì?"

Obìnrin náà dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà sẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń sọ nǹkan nílé yẹn. Ó ti kọ́ ọ tipẹ́ pé ẹni tó bá tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ìwé ni yóò bá jà.

Ìwé-Wí ránṣẹ́ pe wẹ́dà tó wà ní òpópónà kejì. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni wẹ́dà yìí, ó ti jó irin títí ojú rẹ̀ fi kéré. Ó wo káríà náà, ó fọwọ́ pa á lára, ó mi orí bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀.

"Iṣẹ́ àgbà rèé," ló wí.

"Gé ẹsẹ̀ méjì àárín yẹn kúrò."

"Ẹ̀n?"

"Àṣìṣe ni wọ́n. Gé wọn."

"Ọ̀gá Inspẹ́kítọ̀, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹni tó rọ irin yìí kò ṣe àṣìṣe. Ẹ wo bó ṣe—"

"Ọ̀gbẹ́ni, wẹ́dà ni mo pè, n kò pe agbẹjọ́rò."

Wẹ́dà wo káríà náà títí, ó rí i pé bóòtù ni wọ́n fi de ẹsẹ̀ méjèèjì náà mọ́ ara káríà, ó sì tú wọn dípò kó gé wọn. Nígbà tó ń lọ, ó gba ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó rọra gbé ẹsẹ̀ irin méjì náà àti bóòtù wọn ka orí tábìlì.

"Ìyá, ẹ bá mi tọ́jú èyí. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí."

Ìyá Oníkọ́tìnì fi àjákù aṣọ wé wọn, ó sọ wọ́n sínú báàgì tó ń gbé okùn ìwọnṣọ sí.

Ó ku rọ́bà. Ìwé wí pé kí nǹkan tó nípọn, tó sì rọ̀, wà láàárín èékánná àti gọ́tà, kí irin má baà ha irin. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbẹ, ó ti rún bí èèpo igi. Ìyàwó ní tíúbù táyà tí wọ́n bá gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni bàbá òun máa ń lò. Ìwé-Wí ní ẹni tó bá fi tíúbù sára ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè fi ewé náà pẹ̀lú. Nígbà tí obìnrin náà wà lọ́dọ̀ oníbàárà kan, ọkọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ aṣọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí èyí tó nípọn tó sì rọ̀, ó sì gé etí rẹ̀.

Àrán ni. Kọ́tìnì pálọ̀ tí wọ́n ti rán tán, tó ku kí wọ́n wá gbé.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó dé, tó gbé kọ́tìnì náà dání bí ẹni gbé ọmọ tó ṣubú, "ta ló gé aṣọ oníbàárà mi?"

"Díẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ ni. Ta ló ń wo ìsàlẹ̀ kọ́tìnì?"

Ọjọ́ méjì ni obìnrin náà fi wá jọ̀jọ̀, wajawaja etí aṣọ, tó fi bo ojú ibi tí ọkọ rẹ̀ gé. Nígbà tí oníbàárà rí i, ó ní jọ̀jọ̀ yẹn gan-an ló gbé kọ́tìnì náà yọ. Ìwé-Wí gbọ́, ó ní, "Ṣé o rí i?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé òun mọ̀ nípa kọ́tìnì.

Sátidé tó tẹ̀lé e ló gun àpótí, tó gbé káríà sórí ọkọ̀. Ó gbé e títí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ha ọ̀dà òrùlé níbi méjì, ó sì fi ìpara pa á kí ojú má baà rí i. Nínú àwòrán tó wà ní ojú ewé kẹtàlélógójì, iwájú káríà gbé sókè bí ẹni tó ń yan. Bóyá ibi tí ayàwòrán dúró sí ló fà á ni o, bóyá bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ni. Ìwé-Wí kò béèrè. Ó kó ẹsẹ̀ gígùn méjèèjì síwájú, kúkúrú sẹ́yìn, ó sì fún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí àrán. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìka méjì ti káríà náà wò.

"Ó dúró bí òkè," ló wí.

"Ṣé ẹ ò ní wà á lọ díẹ̀ ká wò ó?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè lójú fèrèsé.

"Ìwé wí pé kéèyàn má wa ọkọ̀ àtijọ́ láìnídìí."

Ọjọ́ ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ pé. Ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún ló tò sójú pópó, wọ́n ń dán bí eyín ọmọ ọwọ́. Àwọn èèyàn jáde síwájú ilé, àwọn mìíràn gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti wòran. Alága ló ṣíwájú nínú ọkọ̀ búlúù kan tó gùn bí ọkọ̀ ojú omi, Ìwé-Wí ló sì tẹ̀ lé e. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì bẹ̀bẹ̀ fún àyè yẹn. Kóòtù ló wọ̀, ó so táì mọ́rùn, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, báàgì rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Báàgì náà tóbi ju ti ẹni tó ń lọ wòran lọ, ó sì ń dún kìnìnkìnìn bí ọkọ̀ bá mì. Ọkọ rẹ̀ kò bèèrè ohun tó wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe jáde sí ojú títì gbooro, tí ọkọ̀ sáré díẹ̀, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í hu lókè. "Hùùùù." Àwọn èèyàn etí títì ń gbójú sókè.

"Bàbá wọn, kí ló ń dún?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Káríà ni. Ẹ jẹ́ ká yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ká wò ó."

"Láàárín ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́? Kí Alága wá sọ pé kí ló ṣe mí?"

Ó tún ń dún. Obìnrin náà di báàgì rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n dé ráńdàbáòtù, ìyá arúgbó kan ń sọdá pẹ̀lú ọ̀pá. Alága tẹ bíréèkì. Ìwé-Wí náà tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n káríà kò dúró. Ó yọ̀ lórí àrán bí ẹja tó bọ́ lọ́wọ́, ó gba orí gíláàsì iwájú kọjá, ó dùbúlẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sì tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó yọ̀ síwájú, ó sì fi èékánná rẹ̀ méjì kọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn ọkọ̀ Alága.

Arúgbó sọdá tán, Alága bá tirẹ̀ lọ. Káríà tẹ̀ lé e.

Ariwo irin lórí ọ̀dà títì! Gbogbo èèyàn pariwo, àwọn mìíràn ń pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn ń na ọwọ́ sí i. Alága rò pé òun ni wọ́n ń kí. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń jùwọ́ sí wọn bí ọba. Bí wọ́n ṣe ń pariwo tó ló ń jùwọ́ tó. Iná irin ń ta lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé-Wí já jáde nínú ọkọ̀, ó ń sáré, táì rẹ̀ gbé ara lé èjìká, ìbọ̀wọ́ kan jábọ́ sílẹ̀.

"Alága! Alága! Káríà mi!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí àwọn mìíràn fi jókòó sílẹ̀. Ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n láàárín èrò ké sí i pé, "Ọ̀gá Inspẹ́kítọ̀, kí ni ìwé wí?" Ibẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ti ń pè é lẹ́yìn fún ọdún púpọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lójú.

Alága dúró nígbà tí káríà bọ́ fúnra rẹ̀ níwájú ilé oògùn. Ìwé-Wí dé ibẹ̀ pẹ̀lú èémí ṣókíṣókí, ó jókòó sí etí gọ́tà títì, ó gbé orí lé ọwọ́. Ojú ń tì í débi pé kò lè wòkè. Fún ìgbà díẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin tó rẹ̀ ni wọ́n rí níbẹ̀, ó ṣeni láàánú. Ìgbà náà ló la ẹnu.

"Wẹ́dà yẹn ló fa gbogbo èyí," ló wí. "Kò yẹ kí n gbé iṣẹ́ fún irú wọn."

Àánú tó ti fẹ́ máa ṣe àwọn tó dúró tì í bá tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ti wa ọkọ̀ dé ibẹ̀. Ó jáde, ó bọ́ bàtà gíga, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ṣí báàgì. Ẹsẹ̀ irin méjì jáde. Bóòtù wọn jáde. Sípánà mẹ́ta jáde. Tíúbù táyà tí wọ́n ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ jáde. Ó wo káríà: ó ha lára, ṣùgbọ́n kò tẹ̀, kò ṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ yẹn ti kú fún ogún ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè.

"Alága, ẹ bá mi di ìhà ibẹ̀ mú."

Alága bá a gbé e. Obìnrin náà fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó gòkè, ó yí káríà náà padà, ẹsẹ̀ gígùn bọ́ sẹ́yìn. Ó já àrán kúrò, ó sọ ọ́ nù, ó fi tíúbù sí i. Ó de ẹsẹ̀ méjì àárín, ó fún bóòtù lọ́tùn-ún, ó fún tòsì, ó tún padà sí tọ̀tún. Kò wo ìwé, kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì di káríà mú, ó fà á tagbáratagbára. Gbogbo ọkọ̀ mì, káríà kò mì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Mà," ni Alága wí, ẹnu rẹ̀ là gbayawu, òun tó jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ló máa ń là, "níbo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Ọkọ̀ bàbá mi ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gun orí rẹ̀ di àkàbà fún wọn."

"Ọkọ̀ bàbá yín?" Alága yíjú sí Ìwé-Wí. "Inspẹ́kítọ̀, ṣebí ẹ sọ fún wa pé ẹ̀yin lẹ fi owó oṣù àkọ́kọ́ yín rà á?"

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ti Ìwé-Wí, iwájú ilé oògùn ni òótọ́ ti bá a. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́.

"Ohun tí mo ní lọ́kàn…" ló bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń wọ bàtà. "Bàbá wọn kò parọ́ púpọ̀," ló wí. "Wọ́n san nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ mi."

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e yẹn, Ìwé-Wí ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn tó bá ń fá irùngbọ̀n.

Wọ́n padà wọ ọkọ̀, ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ ń lọ. Obìnrin náà ló wà nídìí sítíà, kò sì sẹ́ni tó pín iṣẹ́ náà fún un. Ọkọ rẹ̀ jókòó sápá kejì, ó fi ìbọ̀wọ́ kan tó kù sáàárín ìtan. Lókè, kẹ́kẹ́ pa.

Nígbà tí wọ́n dé pápá, àwọn adájọ́ yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n ní káríà tí alágbẹ̀dẹ rọ yìí kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú gbogbo ọkọ̀ tó wá. Wọ́n fún ọkọ̀ náà ní ipò kẹta. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ bọ́ síwájú. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n Ìwé-Wí ló dìde. Ojú tó ti ń tì í láti ráńdàbáòtù ti gbẹ. Ó gba ife, ó gba makirofóònù, ó sì bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá lórí bó ṣe yẹ kí èèyàn máa yẹ iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wò dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń sùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, tó fẹ́ so kọ́kọ́rọ́ padà mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, obìnrin náà na ọwọ́.

"Bàbá wọn, ẹ fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa wa ọkọ̀ mi."

Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ" ló fi bá a sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń ṣe, kò já ọ̀wọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Ìwé-Wí ṣí ẹnu láti sọ ohun tí ìwé wí, ó sì rí i pé òun kò mọ ojú ewé tí èyí wà. Ó fún un.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá kọ́tìnì ń gun orí ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, ọkọ rẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo bó ṣe ń dè wọ́n. Okùn náà kọjá lábẹ́, ó yí, ó wọ inú ara rẹ̀, ó sì fún. Ó ti bá obìnrin yìí gbé láti ìgbà èwe wọn, kò sì mọ̀ pé ó mọ irú kókó bẹ́ẹ̀ í ta. Ó fẹ́ jáde lọ sọ nǹkan fún un. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ ti lọ.

Wẹ́dà kò yà nílé wọn mọ́ tó bá jẹ́ pé Ìwé-Wí ló pè é. Bí Ìyá Oníkọ́tìnì bá ránṣẹ́, á dé kí ẹni tó rán níṣẹ́ tó dé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé káríà tiwọn wá. Alága ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Bí Sátidé bá pé, ọgbà á kún fún àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tó gbé ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo obìnrin kan lórí òrùlé ọkọ̀.

Ìwé-Wí náà máa ń wà níbẹ̀, nínú kóòtù. Òun ló ń gba àlejò. Bí ẹni tuntun bá dé, á mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fọwọ́ lé e léjìká, á ní, "Ìyàwó mi nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ yìí."

Obìnrin náà máa ń gbọ́. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá yìí, nígbà tó dùbúlẹ̀ lórí òrùlé ọkọ̀ ẹlòmíràn, tí apá rẹ̀ kan wà lábẹ́ irin.

"Bàbá wọn," ló ké láti òkè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá."

Ìwé-Wí lọ síbi àpótí irinṣẹ́, ó ṣàyẹ̀wò fínnífínní, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé nọ́ńbà mẹ́rìnlá wá.